Káàdì Tí Wọ́n Ṣì Gé

Ẹ bá mi kí Olúyọmí wẹ́dà o, ẹ kí i kú oríire. Ẹni tó bá mọ ìdí ọjà Ìkàrẹ́ dáadáa á mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: ibi tí wọ́n to géètì tuntun tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí iná wẹ́dà ń tan látàárọ̀, tí ọkùnrin dúdú kan tí àyà rẹ̀ gbòòrò á ṣí gíláàsì kúrò lójú, á ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ má wo iná o, èmi ni kí ẹ wò." Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni. Ọmọ Ìwàrò l'Ọ̀kà ni, iṣẹ́ ló gbé e wá sí Ìkàrẹ́. Ìyàwó rẹ̀, Happiness, ń ta ìṣó àti ọ̀dà nínú ṣọ́ọ̀bù kejì, ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ, Gift sì ni àkọ́bí. Kò lówó, kò sì tòṣì. Tí ẹ bá bi í pé báwo ni nǹkan, á ní, "A dúpẹ́." Kì í sì í ṣe ọpẹ́ orí ahọ́n, mo mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, ó ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ọpẹ́ náà ń há a lọ́fun. Ìyá rẹ̀ ló kú.

Ẹ̀yin náà á ní, ìyá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tó fi ọmọ àti ọmọ-ọmọ sílẹ̀, ká dúpẹ́ ni. Òótọ́ ni, kì í ṣe òkú ọ̀fọ̀. Ohun tó ń da Olúyọmí láàmú ni pé kò sí fọ́tò ìyá náà nílé, kò sí lóko, ẹyọ kan péré kò sí. Ẹ sì mọ bí ayé ṣe dà báyìí. Ẹ wo títì láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà, kò sí òpó iná tí kò ní òkú kan tó ń rẹ́rìn-ín lára. Tí wọ́n bá ń sìnkú àgbàlagbà tí kò sí ojú rẹ̀ lára pósítà, tí kò sí nínú ìwé ètò ìsìn, tí kò sí níwájú pósí, àwọn ènìyàn á máa bi ara wọn pé ta tilẹ̀ ni wọ́n ń sin.

Sẹ̀gilọlá ni orúkọ ìyá náà, ṣùgbọ́n Ìyá Ọlọ́sàn ni gbogbo Ìwàrò ń pè é. Obìnrin gíga, tí kì í rẹ́rìn-ín ní gbangba, tí ẹnu rẹ̀ sì mú. Lọ́dún tí Olúyọmí pé ọmọ ọdún méje, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ pe fọtogíráfà, wọ́n ya bàbá rẹ̀ fún káàdì ẹgbẹ́. Ọjọ́ kẹsàn-án, bàbá ní àyà ń dun òun, kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti kú. Àwọn ará ilé ní ikú tó pa á kò mọ nǹkan kan nípa fọ́tò. Ta ló máa bá Sẹ̀gilọlá jiyàn? Ó mú fọ́tò náà, ó sọ ọ́ síná, ó ní ẹ̀rọ tó gbé ojú ọkọ òun lọ kò ní gbé tòun.

Látìgbà náà, kí ẹnikẹ́ni gbé kámẹ́rà sókè báyìí, Sẹ̀gilọlá ti fi ìborùn bojú. Nígbà tí wọ́n ń ṣe káàdì ìdìbò, kò lọ. Nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn wá gba nọ́ńbà ìdánimọ̀, ó ní kí ìjọba wá dá òun mọ̀ nídìí àtẹ ọsàn. Nínú gbogbo fọ́tò ìgbéyàwó Olúyọmí àti Happiness, gèlè kan ló wà níbi tó yẹ kí ìyá ọkọ wà, gèlè tó kẹ̀yìn sí wa. Kódà nígbà tí fóònù alágbèéká wọ ilé, tí àwọn ọmọ-ọmọ ń ya ewúrẹ́ àti ìkòkò, ìyá àgbà á ní, "Ẹni tó bá ya èmi, màá fọ́ ọ." Wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe fóònù nìkan ló ń bá wí.

Nígbà tí àìsàn wá dá a wólẹ̀, tó gbẹ tó ku egungun, Olúyọmí jókòó tì í lọ́sàn-án Sunday kan, ó ń fi ṣíbí bu omi ọsàn sí i lẹ́nu.

"Yọmí," ìyá wí.

"Màmá."

"Wọ́n ti yà mí rí o."

Ṣíbí dúró lófuurufú. "Ta ló yà yín, Màmá? Nígbà wo?"

"Ọjọ́ tí ẹ bá àwọn ará Ìkun gbá bọ́ọ̀lù yẹn. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń yà mí. Ó ṣe díẹ̀ ni mo rí i lára káàdì inú búrẹ́dì, lọ́wọ́ ọmọbìnrin kékeré kan, lọ́jọ́ ọjà Ìkàrẹ́. Mo ní kí n já a gbà kí n fà á ya, ọmọ náà ti sá lọ. Ni mo bá ń retí ikú. Ọjọ́ kẹsàn-án pé, mi ò kú. Ọdún pé, mi ò kú." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ohùn. "Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n rèé."

"Háà, Màmá! Kí ló dé tí ẹ ò sọ? À bá ti yà yín láyàtúnyà!"

"Ojú ń tì mí. Ẹni tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé pariwo pé òun ò jẹ nǹkan, báwo ló ṣe máa wá nawọ́ sí i lójú gbogbo ayé?"

Olúyọmí fa fóònù yọ wéré. Ọwọ́ ìyá náà tí kò lágbára mọ́, ó sáré gbé e bojú. "Irú ojú yìí kọ́, jọ̀ọ́. Bí mo bá ti lọ, èyí tó wà lára káàdì yẹn ni kí ẹ lò. Òun ni ojú mi. Wá a rí."

Ọjọ́ kẹta, ó dákẹ́.

Ó yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ káàdì yìí kí ó yé yín. Lọ́dún 1997, àwọn ọ̀dọ́ Àkókó ń ṣe ìdíje bọ́ọ̀lù ní àsìkò Kérésìmesì: Ọ̀kà, Ìkun, Etioro, Ese, àti àwọn mìíràn. Ilé búrẹ́dì kan wà ní Ìkàrẹ́ nígbà náà, ó ti kógbá sílé báyìí. Oníbúrẹ́dì náà ló ra aṣọ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù, ó sì ní kí wọ́n tẹ àwòrán wọn sórí káàdì kéékèèké, ó ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá búrẹ́dì. Áà, ẹ ò rí i bí àwọn ọmọ ṣe fojú àwọn òbí wọn rí màbo lọ́dún yẹn! Búrẹ́dì kò tíì tán nílé, wọ́n á ní àwọn fẹ́ mìíràn. Wọ́n ń kó káàdì náà jọ, wọ́n ń fi ṣe pàṣípààrọ̀, wọ́n ń fi ta tẹ́tẹ́ lẹ́yìn ilé ìwé: wọ́n á ju tiwọn sílẹ̀, ti ẹni tó bá dojú délẹ̀, ó ti lọ nìyẹn.

Olúyọmí jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, apá òsì ló ń gbá, nọ́ńbà mọ́kànlá. Òun ló gbá góòlù kan ṣoṣo tí Ọ̀kà fi na Ìkun ní àṣekágbá. Ó sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá pẹ̀lú apá méjèèjì níta, fọtogíráfà sì yà á níbẹ̀. Ìyẹn ló wà lára káàdì rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ wà ní pápá lọ́jọ́ náà, ó ń tajà. Kò sí ìdíje tí kì í gbé àtẹ ọsàn lọ. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá ní, "Ìyá Ọlọ́sàn, ọmọ yín mọ bọ́ọ̀lù gbá o," ó ní èsì kan: "Ọsàn ni mo wá tà. Mi ò wá wo ẹni tó ń sáré tẹ̀lé awọ." Ọjọ́ tí wọ́n gbé Olúyọmí sọ́rùn wọ Ìwàrò, tí gbogbo ìlú ń kọrin, Sẹ̀gilọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ọmọ rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó ní, "Wẹ ẹsẹ̀ rẹ kí o tó wọlé." Ó tán. Nígbà tí ọdún tuntun wọlé, tí wọ́n ní kí ó wá fara hàn fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Àkúrẹ́, ìyá rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, ó ní, "Bọ́ọ̀lù kì í sè nínú ìkòkò."

Olúyọmí kò bínú sí i. Iṣẹ́ wẹ́dà náà ló bọ́ ọ títí dòní, ó sì máa ń sọ pé ẹni tó mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá. Obìnrin tó fi ọsàn tọ́ ọmọ méjì láìsí ọkọ, kí lèèyàn tún fẹ́ kí ó ṣe? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ó dùn ún. Ó dùn ún pé kò sí ọjọ́ kan tí ìyá òun sọ pé òun ṣe dáadáa. Àgbà ọkùnrin ni, kò lè sọ ọ́ síta.

Káàdì tirẹ̀ wà nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó ti gbó, etí rẹ̀ ti jẹ. Lẹ́yìn tí ìyá kú, ó mú un síta, ó wò ó lójú oòrùn, ó fi gíláàsì ńlá wò ó. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sí obìnrin, kò sí ọsàn. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Clement, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní Àkúrẹ́.

"Àìsàn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu Màmá," Clement dá a lóhùn. "Má jẹ́ ká fi àkókò ṣòfò. Friday ni wọ́n máa tẹ pósítà. Lọ sọ́dọ̀ Ismaheel, ó ní kọ̀ǹpútà òun lè ya ẹni tí kò rí rí."

Ismaheel ni ọkùnrin tó ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú fún ìdajì Àkókó. Ó ní kí Olúyọmí àti Happiness sọ bí ìyá ṣe rí, kí kọ̀ǹpútà gbọ́. Wọ́n sọ ọ́: ó dúdú, ó ga, imú rẹ̀ rí báyìí, ilà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kọ̀ǹpútà ronú díẹ̀, ó gbé obìnrin kan jáde. Ẹ gbà mí! Obìnrin náà pupa, ara rẹ̀ ń dán, eyín rẹ̀ funfun báláú, iyùn wà lọ́rùn rẹ̀ tó lè ra ilé.

Happiness wò ó, ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Gift, ta rèé?"

"Ìyá ẹlòmíràn ni," Olúyọmí wí.

Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìyá ẹlòmíràn mẹ́rin ni wọ́n rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ismaheel fi èyí tó kẹ́yìn ránṣẹ́ sí Clement lórí fóònù, Clement ní, "Ó dára gan-an! Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi á mọ̀, Bọ̀ọ̀dá."

"Yọmí, gbọ́. Tó bá di Friday tí o ò rí nǹkan kan, obìnrin yìí la máa lò."

Olúyọmí kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ń rí i lójú ara rẹ̀: obìnrin àjèjì tó ń rẹ́rìn-ín níwájú pósí ìyá rẹ̀, tí gbogbo ará Ìwàrò ń tẹrí ba fún. Tuesday nìyẹn. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta.

Ní òwúrọ̀ Wednesday, ó lọ sọ́dọ̀ Àlàájì Suleiman, bàbá tó tẹ káàdì náà nígbà yẹn. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé òun ló tẹ̀ ẹ́. Ó ti darúgbó, ó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì mú. Nígbà tí Olúyọmí dọ̀bálẹ̀ tán, tó gbé káàdì náà fún un, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Káàdì yìí kò ní jẹ́ kí n simi! Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan ti Èkó wá, ó ń rà á káàkiri, ó ní àwọn kan ń kó irú rẹ̀ jọ lókè òkun. Ó bi mí pé èwo ló jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo láyé. Mo ní, ọmọ mi, irinwó la tẹ̀ fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn jọra. Bí ọ̀kan péré bá ṣẹ́ kù lónìí, ìyẹn ò ní kó jẹ́ aláìlẹ́gbẹ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló kú. Èyí tí kò lẹ́gbẹ́ láti ọjọ́ tí a ti bí i, ọwọ́ mi yìí ló ṣe é. Àṣìṣe ni mo sì fi ṣe é."

"Àṣìṣe báwo, Bàbá?"

"Ààwẹ̀ ni, ọmọ mi. Ààwẹ̀ bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kété lẹ́yìn ìdíje náà, ooru sì mú. Ọ̀fun mi gbẹ, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Àwọn ọmọṣẹ́ mi ní kí n dúró títí a ó fi ṣínu, mo ní oníbúrẹ́dì ń retí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; èmi fi ìkánjú mú un." Ó fi ọwọ́ ṣe bí ẹni tó ń fa ọ̀bẹ ńlá wálẹ̀. "Fọ́tò tí wọ́n yà yín fẹ̀ ju káàdì lọ. Bó ṣe fẹ̀ la ṣe tẹ̀ ẹ́, kí ọ̀bẹ lè gé etí rẹ̀ dànù. Ìwé tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló yẹ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ. Ẹni mẹ́rin ló wà lójú ìwé náà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo ṣì gé. Mo rí mẹ́ta, mo sáré dáná sun wọ́n kí ojú má baà tì mí. Ẹ̀kẹrin, tìrẹ, ti bá àwọn yòókù lọ sínú búrẹ́dì. Ọ̀bẹ gé ọ sí méjì, ó ju ìdajì rẹ nù, ó wá fi ohun tó yẹ kó jù nù sílẹ̀."

Olúyọmí sún mọ́ bàbá náà. "Kí ló wà níbẹ̀, Bàbá? Kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi?"

"Èmi ò jẹ́ wò ó dáadáa, ìtìjú ò jẹ́. Ọmọ Aáfà Zakariyya ló rí i nínú búrẹ́dì wọn, ọmọbìnrin kan báyìí, Ràódàt. Ó gbé e wá bá mi pẹ̀lú ẹkún, ó ní ọkùnrin ààbọ̀ ni wọ́n fún òun, kí n pààrọ̀ rẹ̀. Mo ní kò sí mọ́."

"Fíìmù fọtogíráfà náà ńkọ́?"

"Fọtogíráfà ti kú, ikán ti jẹ fíìmù. Lọ bá Ràódàt. Ó ń ránṣọ ní Etioro, ilé ọkọ rẹ̀. Ìyá Jamilah ni kí o béèrè." Bí Olúyọmí ṣe dìde, bàbá na ọwọ́ dí i lọ́nà, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Kí o yára o. Ọkùnrin Èkó yẹn, èmi ni mo júwe ilé rẹ̀ fún un."

Olúyọmí gun ọ̀kadà. Láti Ìkàrẹ́ títí wọ́n fi kọjá Akùngbá, kò bá ọlọ́kadà sọ ọ̀rọ̀ kan, Ọlọ́run ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní, Bàbá, O ti ṣe é fún mi rí, mo dúpẹ́ èyí tí O ti ṣe. Má jẹ́ kí wọ́n ti gbé e lọ sókè òkun. Ẹ máa rò ó wò: ojú ìyá èèyàn á wà nínú àpótí gíláàsì lọ́dọ̀ òyìnbó kan, kò ní sí lójú ọ̀nà sàréè rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Jamilah kò ṣòro rí. Obìnrin kúkúrú kan tó wé ìbòrí pupa ló jókòó sídìí maṣíìnì, ó ń rán bọ́tìnì mọ́ aṣọ ilé ìwé. Olúyọmí kí i, ó ní, "Ìyá Jamilah, ẹ dákun, ọ̀rọ̀ káàdì kan ló gbé mi wá, káàdì inú búrẹ́dì."

Obìnrin náà kò gbójú sókè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kì í ṣe títà. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnìkejì yín lọ́dún tó kọjá."

"Ẹ ò tà á fún un?"

"Ó ní kò sí ìkejì rẹ̀ láyé. Mo ní, ohun tí kò ní ìkejì láyé, ṣé ìyẹn lèèyàn ń tà? Ó ní mi ò gbọ́n."

Olúyọmí jókòó sórí bẹ́ǹṣì láìjẹ́ pé wọ́n ní kí ó jókòó. "Ọlọ́run, O ṣé," ló ń wí, "O ṣé, O ṣé."

Ẹnu ya Ràódàt. Ó wò ó, ó rí i pé kì í ṣe oníṣòwò, ni ohùn rẹ̀ bá rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé? Kì í kúkú ṣe káàdì gidi. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí nítorí rẹ̀. Mo ní káàdì tó lé ní ọgbọ̀n nígbà náà, àwọn tó dára. Gbogbo wọn ni mo fi ta tẹ́tẹ́ lẹ́yìn ilé kéwú, wọ́n jẹ gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Èyí nìkan ló kù. Bí mo bá gbé e sílẹ̀, wọ́n á ní, 'Gbé ọkùnrin ààbọ̀ ẹ kúrò níbí.' Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bá mi dàgbà, tó bá mi délé ọkọ." Ó fa dúrọ́ọ̀ maṣíìnì, ó ń wá a láàárín bọ́tìnì àti òwú. "Ìyá Aláyọ̀ ni mo sọ ọ́. Ọjọ́ tí oníbàárà bá bà mí nínú jẹ́, tàbí tí nǹkan kò bá lọ déédéé, mo kàn máa ń ṣí dúrọ́ọ̀ yìí wò ó ni. Màá rẹ́rìn-ín. Ẹ wò ó."

Ó gbé e lé e lọ́wọ́.

Ní apá kan káàdì náà, ọwọ́ kan wà, itan kan, àti ìdajì nọ́ńbà mọ́kànlá. Olúyọmí mọ̀ pé òun nìyẹn. Ṣùgbọ́n obìnrin ló gba gbogbo ibi tó kù. Àkọ́kọ́, ó rò pé ẹlòmíràn ni, nítorí kò rí ìyá rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé. Gèlè ti bọ́ sí èjìká. Ẹnu là gbàù. Ọwọ́ méjèèjì wà lókè, ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀. Àtẹ ti dojú dé, ọsàn ti ká gbogbo ilẹ̀, àwọn kan ti yí wọ inú pápá, obìnrin náà kò sì wo ọsàn kankan. Ọ̀dọ̀ ọwọ́ àti itan yẹn ló ń wò.

Ìyá tó ní òun ò wá wo ẹni tó ń sáré tẹ̀lé awọ!

Omijé bọ́ lójú Olúyọmí, kò nù ún. Ó rántí ọ̀sán Sunday yẹn, bí ìyá náà ṣe fi ọwọ́ bojú tó ní, "Òun ni ojú mi. Wá a rí." Ìyá náà mọ ohun tó wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ ọjà yẹn ló ti mọ̀. Ohun tí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ fún ọmọ rẹ̀ ní ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó ní kí ó lọ fojú ara rẹ̀ rí i.

"Ẹ̀gbọ́n," Ràódàt rọra wí, "ta ni?"

"Ìyá mi ni. Sátidé tó ń bọ̀ yìí la máa sin ín. A ò ní fọ́tò rẹ̀ kankan, àfi èyí."

Ràódàt fi ọwọ́ bo ẹnu. "Subhanallah! Ìyá Aláyọ̀? Ìyá yín ni?" Ó ń wo káàdì náà lọ́wọ́ Olúyọmí. Ó hàn pé ó ń dun obìnrin náà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ mú un lọ. Kì í tún ṣe tèmi mọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tẹ pósítà, ẹ dákun, ẹ fún mi ní ọ̀kan, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri mi níbí."

Níbẹ̀, láàárín àkísà àti òwú, Olúyọmí wẹ́dà, bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún obìnrin tó fi ọdún mẹ́wàá jù lọ.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ má pa mí!" Ràódàt ń fa èjìká rẹ̀. "Àwọn ènìyàn ń wò wá!"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò," Olúyọmí wí láti ilẹ̀. "Ẹ bá mi tọ́jú ìyá mi láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, èmi ò sì mọ̀. Ọlọ́run ni yóò bá mi san án fún yín. Ẹ ò ní í ṣe é gbé. Jamilah á tọ́jú yín."

"Àmín," Ràódàt ń wí, òun náà ti ń sunkún, "àmín, ẹ sáà dìde."

Nígbà tó bọ́ síta, ó pe Clement.

"Bọ̀ọ̀dá, mo ti rí Màmá."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Ṣé ojú rẹ̀ hàn? Ṣé ó jókòó dáadáa, tó ṣe é lò fún pósítà?"

"Kò jókòó, Bọ̀ọ̀dá. Ó ń fò sókè. Ó ń pariwo. Ó ti da gbogbo ọsàn rẹ̀ nù sílẹ̀."

"Màmá? Da ọsàn nù?" Kò yé Clement rárá. "Màmá wa yìí? Nítorí kí ni?"

Olúyọmí tún wo káàdì náà lójú oòrùn Etioro.

"Nítorí mi," ló wí. "Bọ̀ọ̀dá, nítorí mi ni."